ERÉ ÀTI ÌSINMI NÍ ILẸ̀ Ọ̀TÀ: ỌMỌ ÌYÁ KAN NI WỌ́N

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni bọ́ọ̀lù, orin, ijó àti ayò, àti pé ẹni tí ó mọ ọ̀kan kò ní ohun tí ó ń wá lọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ èkejì. Ìtàn ilẹ̀ Ọ̀tà kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ayé àwọn Àwórì, baba ńlá wa, ojúde kan náà ni gbogbo eré ti ń pàdé. Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí Ọ̀tà lókìkí fún. Agbẹ́gilére a gbẹ́ ère; àwọn obìnrin a yá ẹni tí yóò gbé e ní aṣọ; onílù a lu ìlù; Ẹ̀fẹ̀ a kọrin lóru, a bá oníwà ìbàjẹ́ wí, a sì pa ènìyàn lẹ́rìn-ín; bí ilẹ̀ bá mọ́, ijó a dé. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò, eré bàjẹ́. Lábẹ́ igi, àwọn àgbà a máa ta ayò, ihò 12, ọmọ ayò 48. Ibẹ̀ ni ọmọdé ti ń kọ́ ìṣirò láìmọ̀. Ìjàkadì ń fún ọ̀dọ́ ní okun, àlọ́ ń fún un ní ọgbọ́n.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹ̀ka bẹ̀rẹ̀ sí yapa. Ní ọdún 1944, Hubert Ogunde, ẹni tí ó ti bá eléégún ṣeré ní kékeré, gbé orin àti ijó lọ sórí pèpéle ní Èkó. Ní ọdún 1949, àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba, púpọ̀ nínú wọn sì fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹni tí ń jáde sí ojúde di ẹni tí ń jókòó wòran. Ní ọdún 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ogún iyebíye fún gbogbo ayé, ọ̀rọ̀ arìnrìn-àjò afẹ́ sì wọ inú rẹ̀.

Lónìí, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ẹnì kan ń kọ́ eré ìdárayá, ẹlòmíràn ń kọ́ ìtọ́jú ọgbà ìgbafẹ́, ẹlòmíràn eré orí ìtàgé, ẹlòmíràn bí a ti ń fi eré wo aláìsàn àti arúgbó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí kò bá sí ẹni tí yóò pa ilẹ̀ mọ́, níbo ni olùkọ́ eré ìdárayá yóò dúró? Bí kò bá sí olùkọ́, pápá yóò di igbó.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé. Ní Ìyànà Ìyẹ̀sí, ilé-iṣẹ́ àti ilé gbígbé ń gba ilẹ̀ lójoojúmọ́. Òṣìṣẹ́ ń ti iṣẹ́ dé pẹ̀lú àárẹ̀, àwọn ọmọ wa sì ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́bàá títì tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà. Mo bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí a dáwó jọ, kí a ra ilẹ̀ kan ṣoṣo: pápá fún ọ̀dọ́, igi àti ọpọ́n ayò fún àgbà, ojúde fún ìlù àti ijó. Kí a ṣe é kí owó ilẹ̀ tó ju agbára wa lọ. Kí Ọlọ́run gbè wá lẹ́yìn.