Kí ẹ tó pín àwòrán àkọsílẹ̀ wákàtí iṣẹ́: kí ni kọ́lọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ń sọ?

Ká ní ẹnìkan ju àwòrán tábìlì kan, tí wọ́n yà lójú kọ̀ǹpútà, sínú ẹgbẹ́ WhatsApp yín. Orúkọ òṣìṣẹ́, ọjọ́, aago tó wọlé, aago tó jáde àti àròpọ̀ wákàtí ló wà níbẹ̀. Wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé iléeṣẹ́ kan nílùú Accra ń jí wákàtí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́ o. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ ló ṣi tábìlì kà.

Ẹ kọ́kọ́ wo àròpọ̀. Ibẹ̀ ló rọrùn jù láti ṣìnà. Ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka wákàtí iṣẹ́ kì í kọ ìṣẹ́jú síbẹ̀, ìdá wákàtí ni wọ́n ń kọ. 7.50 túmọ̀ sí wákàtí méje àti ààbọ̀, kì í ṣe wákàtí méje àti àádọ́ta ìṣẹ́jú. Bí òṣìṣẹ́ bá wọlé ní 8:00, tó jáde ní 15:50, 7.83 ni tábìlì máa gbé jáde. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan níbẹ̀.

Aago ìlú wo ni tábìlì náà ń lò? Aago GMT ni Accra ń lò látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin. Kódà, ìlà Greenwich gba ìlú Tema, nítòsí Accra, kọjá. Èkó fi wákàtí kan ṣáájú. Bí olú iléeṣẹ́ bá wà l'Ékòó, tí wọ́n sì fi aago Èkó sí ètò náà, ẹni tó dé ibiṣẹ́ l'Accra ní aago mẹ́jọ yóò hàn bí ẹni tó dé ní aago mẹ́sàn-án. Wọ́n á ní ó pẹ́, kò sì pẹ́. Ṣùgbọ́n aago ìjáde náà yóò sún síwájú bákan náà, torí náà àròpọ̀ kò gbọdọ̀ dín. Bó bá dín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aago.

Kọ́lọ́ọ̀mù ìsinmi ni kí ẹ fara balẹ̀ wò jù. Òfin iṣẹ́ Ghana ti ọdún 2003, Act 651, abala 33, ní wákàtí iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju mẹ́jọ lójúmọ́ tàbí ogójì lọ́sẹ̀, àyàfi níbi tí òfin náà bá ti gbà á láàyè. Abala 40 ní bí iṣẹ́ bá ń lọ láì pín sí méjì, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, a ó sì ka ìsinmi náà mọ́ wákàtí iṣẹ́. Nítorí náà, bí tábìlì bá fi hàn pé òṣìṣẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́ láti 8:00 sí 16:00, tí wọ́n yọ 0.50 fún ìsinmi, tí wọ́n sì kọ 7.50 fún owó iṣẹ́, ìbéèrè gidi wà níbẹ̀.

Ẹ tún wádìí ẹni tó fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Wákàtí tí òṣìṣẹ́ kọ fúnra rẹ̀, èyí tí ẹ̀rọ ìtẹ̀ka gbà sílẹ̀, àti èyí tí ọ̀gá fọwọ́ sí lè yàtọ̀ síra. Àwòrán lè gé kọ́lọ́ọ̀mù tó ń sọ ẹni tó ṣàtúnṣe kúrò, torí náà fáìlì gan-an ni kí ẹ béèrè. Òfin ààbò dátà Ghana ti ọdún 2012, Act 843, fún òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ tí iléeṣẹ́ ní nípa rẹ̀.

Ti òṣìṣẹ́ ìjọba yàtọ̀. Bí àwòrán náà bá wá láti E-SPV, ètò tí àwọn olórí ẹ̀ka ìjọba fi ń jẹ́rìí lóṣooṣù pé òṣìṣẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́ kí owó oṣù tó jáde, bóyá ó yẹ kí wọ́n sanwó fún un ló ń sọ. Kò sọ iye wákàtí tó fi ṣiṣẹ́.