Oorun Tí Kì í Ṣe Oorun: Ìtàn Ruffian àti Barbaro

‘Oògùn akunnilóorun’ ni à ń pe èyí tí dókítà ń lò kí ó tó ṣiṣẹ́ abẹ. Lójú tèmi, ‘oorun’ inú orúkọ yìí ń tàn wá jẹ. Ìtàn ẹṣin ni n ó fi ṣàlàyé.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Keje ọdún 1975, Ruffian, abo ẹṣin ọlọ́dún mẹ́ta tí ó ti borí nínú gbogbo ìdíje 10 tí ó ti sá, bá Foolish Pleasure figagbága ní Belmont Park, New York. Ó wà níwájú nígbà tí egungun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti iwájú ṣẹ́. Àwọn oníṣègùn kùn ún lóorun, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n sì fi ìdè líle di ẹsẹ̀ náà. Ìgbà tí ó ń jí ni wàhálà dé: ó ń ju ẹsẹ̀ bí ẹni pé orí pápá ni ó ṣì wà, títí ó fi ba ẹsẹ̀ náà jẹ́ padà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ ikú.

Kí ló fà á? Ẹṣin lè tòògbé lórí ìdúró, nítorí eré sísá ni ààbò rẹ̀. Bí ẹran tí ó tó 500 kìlógíráàmù bá dùbúlẹ̀ gbalaja, ìfun rẹ̀ a tẹ ẹ̀dọ̀fóró, ìwúwo ara a fún iṣan pa, oògùn a sì dín ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kù. Bí ó bá jí, ìbẹ̀rù a sọ pé kí ó dìde, ẹsẹ̀ kò sì ní í gbà. Ìwádìí ńlá kan tí ó jáde ní 2002 fi hàn pé, yàtọ̀ sí àwọn tí inú rírun gbé dé orí tábìlì, nǹkan bí ẹṣin 1 nínú 100 ni ó kú láàárín ọjọ́ 7. Ọkàn tí ó dáṣẹ́ dúró àti egungun tí ó ṣẹ́ nígbà jíjí wà lára olórí okùnfà.

Ní oṣù Karùn-ún 2006, ẹsẹ̀ Barbaro ṣẹ́ ní Pimlico. Ní New Bolton Center, inú adágún omi, lórí ọkọ̀ rọ́bà, ni wọ́n ti jẹ́ kí ó jí, kí ó lè ju ẹsẹ̀ láìfarapa. Ó jí láyọ̀. Àrùn pátákò ni ó pa á ní oṣù Kìíní 2007.

Àwọn àgbà ní ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ẹṣin fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ náà ni ẹ̀rù ń bà á.