Ayọ̀ Gẹ́gẹ́ bí Òṣùwọ̀n Ìwà Rere

Kí ni a fi ń mọ ìwà rere yàtọ̀ sí ìwà búburú? Àwọn kan ní àṣẹ Ọlọ́run ni. Àwọn mìíràn ní àṣà ìbílẹ̀ ni. Ní ọdún 1789, Jeremy Bentham, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tí ó kọ́ ìmọ̀ òfin, gbé ìwé kan jáde, ó sì fi ayọ̀ ṣe ìpìlẹ̀ náà. Lójú tirẹ̀, ìwà tàbí òfin tí ó bá fi kún ayọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni ó dára. Èyí tí ó bá fi kún ìrora wọn ni kò dára. Ayọ̀ ọba kò gbọdọ̀ wúwo ju ayọ̀ mẹ̀kúnnù lọ lórí òṣùwọ̀n yìí. Ó tilẹ̀ ka ẹranko mọ́ ọn, nítorí pé ẹranko náà ń jẹ ìrora. Àwọn baba wa kò ṣàìmọ èyí nígbà tí wọ́n wí pé kí ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò.

John Stuart Mill, tí a bí ní ọdún 1806, ni ó jogún ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé ọ̀rẹ́ Bentham ni baba rẹ̀. Ní ọdún 1861, ó tún ẹ̀kọ́ náà ṣe, ó ní ayọ̀ ju ayọ̀ lọ: ayọ̀ ọgbọ́n kì í ṣe ẹgbẹ́ ayọ̀ ikùn. Ní ọdún 1867, ó bèèrè ẹ̀tọ́ ìdìbò fún àwọn obìnrin nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ìbò 196 ni ó borí 73 tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n láti ọdún 1823 títí di 1858, East India Company, ilé iṣẹ́ oníṣòwò tí ó ń jẹ gàba lé apá púpọ̀ nínú ilẹ̀ Íńdíà lórí, ni Mill ń bá ṣiṣẹ́. Nínú ìwé rẹ̀ lórí òmìnira, tí ó jáde ní 1859, ó ní òmìnira kò tíì tọ́ sí àwọn ẹ̀yà tí òun kà sí aláìlajú. Kí a fi agbára ṣàkóso wọn, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ fún ire wọn. Ta ni ó bi wọ́n léèrè ohun tí ire wọn jẹ́?

N kò rò pé àṣìṣe yìí tó láti mú kí a da òṣùwọ̀n náà nù. Òṣùwọ̀n náà gan-an ni ó jẹ́ kí a mọ̀ pé Mill ṣìnà. Bí ayọ̀ gbogbo ènìyàn bá ni ìpìlẹ̀, kò sí ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ ẹ̀yà kan kúrò nínú ìkà. Kí a tó fi ayọ̀ ẹlòmíràn ṣe àwíjàre, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi í léèrè.