Èènì òṣìṣẹ́: ohun tí ìmọ̀ nípa ọpọlọ ń fi ye àwọn ọ̀gá

Kò sí oníṣòwò kan ní ọjà Mile 12, tàbí ní ọjà èso tó wà ní Kétu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe, tí kò mọ agbára èènì. Ìyá aláta tó wọn ata tán fún oníbàárà, tó tún bu ìkúnwọ́ kan lé e, mọ̀ pé oníbàárà náà yóò padà wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn kò tíì rò ni pé ọgbọ́n kan náà ń ṣiṣẹ́ lára àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́: ọmọ tó ń ṣa tòmátò, alábàárù tó ń já ẹrù tírélà tó ti òkè Ọya dé, akọ̀wé tó ń ṣírò owó ní ṣọ́ọ̀bù.

Wolfram Schultz, ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Fribourg, ní ilẹ̀ Switzerland nígbà náà, ló ṣe àkíyèsí rẹ̀ lára ọ̀bọ. Ó ń kán omi èso sí wọn lẹ́nu, ó sì ń wo àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń tú èròjà tí wọ́n ń pè ní dopamine jáde. Bí omi èso bá dé láìròtẹ́lẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí a ta kìjí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bọ bá ti mọ̀ pé iná kékeré kan máa ń tàn kí omi èso tó dé, iná náà ni wọ́n ń ta kìjí sí. Omi èso fúnra rẹ̀ kò mì wọ́n mọ́. Èyí tó yani lẹ́nu jù ni pé bí iná bá tàn, tí omi èso kò sì dé, wọ́n a dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ní àkókò gan-an tó yẹ kó dé. Schultz, Peter Dayan àti Read Montague ṣàlàyé èyí nínú ìwé ìròyìn Science ní 1997. Ní 2017, Schultz, Dayan àti Ray Dolan jọ gba àmì-ẹ̀yẹ The Brain Prize. Ènìyàn kì í ṣe ọ̀bọ, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ ti fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn lára ènìyàn náà.

Kí ni èyí kan ọlọ́jà Ìkòsì? Ọ̀gá tó ṣèlérí owó ní ọjọ́ Ẹtì, tó wá san án ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ti san owó pé pérépéré láìrí ọpẹ́ gbà, nítorí ọpọlọ òṣìṣẹ́ ti ka ọjọ́ Ẹtì sí àdánù. Bákan náà ni ẹ̀bùn tó ń wá ní gbogbo oṣù Kejìlá: bó pẹ́ bó yá, ó ti di gbèsè lójú ẹni tó ń gbà á. Èènì tó ń ṣiṣẹ́ ni èyí tí a kò dá ọjọ́ fún, tí a sì sọ ìdí rẹ̀: “Nítorí pé o yọ àwọn tó ti jẹrà kúrò kí wọ́n tó ba ìyókù jẹ́ ni.”

Síbẹ̀, èènì kì í rọ́pò òṣùwọ̀n. Aláta tó fi kóńgò tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ wọnú wọn ata, èènì rẹ̀ kò lè tan ẹnikẹ́ni jẹ pẹ́. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà náà sọ̀rọ̀ lórí èyí: abala 5 kò gba ọ̀gá láàyè láti yọ owó ìtanràn nínú owó iṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tó bà á jẹ́ nípa àìbìkítà, àfi kí aláṣẹ ìjọba lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lórí ìwé kí ọ̀gá tó lè yọ iye tó bójú mu.

Ọ̀rọ̀ èébú tún wà. Ní 2003, Naomi Eisenberger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles tẹ ìwádìí kan jáde pé nígbà tí wọ́n ta ènìyàn nù nínú eré bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà, apá kan nínú ọpọlọ tó máa ń dáhùn sí ìrora ara ló tají. Ìwádìí mìíràn ní 2014 fi hàn pé ìrora méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà tán. Èyí kò sọ pé kí wọ́n máa bú ọmọ iṣẹ́ lójú oníbàárà o. Ṣùgbọ́n kí ọ̀gá máa ṣọ́ra fún àwọn tó ń fi àwòrán ọpọlọ aláwọ̀ mèremère gbowó ìdánilẹ́kọ̀ọ́; ìtàn pé àwọn kan ń fi apá òsì ọpọlọ ronú, tí àwọn mìíràn ń fi ọ̀tún, kò fìdí múlẹ̀ nígbà tí wọ́n yẹ ọpọlọ tó lé ní 1,000 wò ní Yunifásítì Utah ní 2013.

Oorun ló kù, bóyá òun ló sì ń náni lówó jù ní ọjà tí ẹrù ń dé lóru. Ní 2000, Williamson àti Feyer tẹ ìwádìí kan jáde ní Ọsirélíà: ẹni tó ti lajú sílẹ̀ fún wákàtí 17 sí 19 ń ṣe bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dé ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó já ẹrù di òwúrọ̀, kí wọ́n má gbé ìwé gbèsè lé e lọ́wọ́. Ẹni tó sùn ni kó ka owó. Abala 13 òfin kan náà sì là á kalẹ̀ pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àròpọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan.