Ìró Tí Ìwé Gbà àti Ìró Tí Ó Kù Sí Ẹnu

Èdè kọ̀ọ̀kan ni ó ní ibi tí ó di ẹrù rẹ̀ lé. Yorùbá àjùmọ̀lò ní kọ́ńsónáǹtì 18 àti fáwẹ̀lì àìránmúpè 7. Ohùn mẹ́ta sì ni ó ń ru púpọ̀ nínú ẹrù ìtumọ̀. Igbá kì í ṣe igba, bẹ́ẹ̀ ni igba kì í ṣe ìgbà. Ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe di tiwọn ní ẹ̀bá Òkun Dúdú, níbi tí àwọn òkè Caucasus wà. Èdè Ubykh, tí ó bá Abkhaz àti Adyghe tan, ní kọ́ńsónáǹtì tí ó lé ní 80, ṣùgbọ́n fáwẹ̀lì 2 péré ni àwọn onímọ̀ kà fún un. Níbi tí Yorùbá ti ń to ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, "mo fún un", Ubykh a máa so olùwà àti àbọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe lára, gbogbo rẹ̀ a sì di ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ní ọdún 1864 ni ìjọba Rọ́ṣíà lé àwọn Ubykh kúrò ní agbègbè Sochi. Wọ́n sá lọ sí ilẹ̀ Tọ́kì, èdè àwọn aládùúgbò wọn sì gba ẹnu ọmọ wọn. Georges Dumézil, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ èdè náà sílẹ̀. Hans Vogt láti Norway tẹ ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní 1963. Tevfik Esenç, àgbẹ̀ kan ní abúlé Hacı Osman, ni ó jókòó tì wọ́n tí ó ń pe ọ̀rọ̀ fún wọn. Nígbà tí ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀wàrà, 1992, kò ku ẹni tí ó gbọ́ èdè náà dáadáa mọ́.

Ìwé tètè dé bá Yorùbá. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ìpàdé kan ní Èkó ní 1875 tún ọ̀nà ìkọ̀wé náà tò; ìgbìmọ̀ 1966 tún un yẹ̀ wò, àkọtọ́ tí a ń lò lónìí sì gba òǹtẹ̀ ní 1974. Bí "aiye" ṣe di ayé nìyẹn. Wọ́n ní kí a má ṣe kọ kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀ léra mọ́, síbẹ̀ Offa àti Ajasse kò kúrò lára pátákó ojú ọ̀nà. (Lẹ́tà p pàápàá ń tan àlejò jẹ: kp ni Yorùbá ń pè.)

Ṣùgbọ́n ẹnu Ọ̀yọ́ ni ìwé náà gbọ́ jù. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ ń pe ìlú wọn ní Ọ̀ghọ̀. Ìró ọ̀fun tí wọ́n ń fi gh kọ yẹn kò ní lẹ́tà nínú álífábẹ́ẹ̀tì. Èkìtì ń fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, "ulé" fún ilé, èyí tí Yorùbá ìwé kò gbà.

Ìgbómìnà náà wà lára àwọn tí ìwé kò gbọ́ tán. Àwọn onímọ̀ kò tilẹ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí wọn yóò pín in sí: àwọn kan kà á mọ́ Àárín Gbùngbùn, àwọn mìíràn kà á mọ́ Àríwá Ìlà-Oòrùn. Ní Oro-Ago (bí ìwé ìjọba ṣe ń kọ ọ́ láìní àmì ohùn), ọmọ tí ó sọ ọ̀rọ̀ bí ìyá rẹ̀ àgbà ṣe ń sọ ọ́ lè rí ìlà pupa nínú ìwé àròkọ rẹ̀. Ìlà pupa náà kò burú bí ó bá jẹ́ Yorùbá àjùmọ̀lò ni ìdánwò béèrè. Ohun tí ó burú ni kí a pe ọ̀rọ̀ náà ní àṣìṣe, nígbà tí ó jẹ́ pé òfin ilé mìíràn ni ó ń tẹ̀ lé.

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé Ìgbómìnà ti di Ubykh. Àwọn tí ń sọ ọ́ pọ̀, láti Ọ̀mù-Àrán dé Ẹ̀sìẹ́ àti kọjá bẹ́ẹ̀. Orúkọ irú iṣu, oríkì ilé àti ọ̀nà tí àwọn àgbà ń gbà kí ara wọn ni ó kọ́kọ́ ń lọ, nítorí wọn kò sí nínú ìwé kíláàsì. Àmì àkọtọ́ 1974 tó fún akẹ́kọ̀ọ́ láti fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wọ́n, ohùn wọn lórí wọn, gẹ́lẹ́ bí ìyá àgbà ṣe pè wọ́n. Fóònù lè gba èyí tí lẹ́tà kò bá ká.