Ẹja Kékeré Inú Gíláàsì: Ìtàn Tí Àwa Ará Trans-Amadi Lọ Wádìí

Ìtàn tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti ọba, kì í sì ṣe ti ogun. Ìtàn ẹja kékeré ni, èyí tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ.

Àwa kan ní Trans-Amadi ń sin ẹja òkun nínú àpótí onígíláàsì, àwọn ọmọ wa sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Lọ́dún tó kọjá, a ra méje, oríṣi kan náà. Kí oṣù kẹrin tó pé, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Kò sí ológbò nílé, omi ò sì bàjẹ́. Àwọn ọmọ bi wá pé, "Ta ló pa wọ́n?" A ò rí èsì fún wọn. Ohun tó gbé wa dé ìdí ìtàn yìí nìyẹn.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe ẹja náà ni Chromis viridis. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tútù tí wọ́n fi aró díẹ̀ kùn. Ìdílé tó ti wá, Pomacentridae, ní oríṣi ẹja tó lé ní 400. Nemo inú fíìmù ọdún 2003 tí àwọn ọmọ yín mọ̀, ìbátan wọn ni. Wọ́n wà ní ìhà ọ̀dọ̀ wa náà: Abudefduf saxatilis, tó ní ilà dúdú márùn-ún lára, ń gbé ẹ̀bá àpáta ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ẹ má wá a lọ sódò ẹ̀yìn Slaughter o! Omi tó ń gba ọ̀nà Bonny wọlé dé ọ̀dọ̀ wa, omi òjò àti ti odò ti là á, ẹrẹ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Iyùn tó ń di àpáta nínú òkun kì í hù níbi tí oòrùn ò ti lè ríbi wọlé. Nítorí náà, láti Indonesia àti Philippines ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ ẹja wọ̀nyí wá. Àtìpó ni wọ́n, bíi tiwa náà.

Báwo ni ènìyàn ṣe kọ́kọ́ mọ bí a ti ń tọ́jú ohun ẹlẹ́mìí inú òkun nínú ilé? Ní 1846, obìnrin kan tó ń jẹ́ Anna Thynne gbé iyùn alààyè láti Torquay, létí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ sí London. Kò sí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi nígbà náà. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń da omi láti inú abọ́ kan sí òmíràn lójú fèrèsé, lójoojúmọ́, kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ohun tí àwa náà ń ṣe nìyẹn bí iná bá lọ tí epo jẹnẹrétọ̀ sì tán. Ní 1853, ọgbà ẹranko London ṣí ilé ẹja fún gbogbo ènìyàn. Lọ́dún kejì, Philip Henry Gosse gbé ìwé The Aquarium jáde, ìfẹ́ ẹja inú gíláàsì sì gba ìlú kan.

Síbẹ̀, nǹkan kan kò tíì yé wọn. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹja máa ń di oró tí wọ́n ń pè ní ammonia. Ní 1890, Sergei Winogradsky fi hàn pé àwọn kòkòrò kan tí ojú kò lè rí ló ń sọ oró yìí di ohun mìíràn tí kò le tó o. Ní 1961, Lee Chin Eng tó ń gbé Jakarta kọ̀wé nípa ọ̀nà tirẹ̀: ó kó òkúta iyùn láti inú òkun tòun ti ohun alààyè tó wà lára rẹ̀, ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀díẹ̀ sínú omi. Òkúta yẹn ni ilé àwọn kòkòrò tí à ń wí.

Ibí ni ìyà àwọn ẹja kékeré wa ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé owó wọn kò pọ̀, tí ara wọn sì le, àwọn olùsìn ẹja sọ wọ́n di ẹja ìdánwò. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sí àpótí, àwọn ni wọ́n á kọ́kọ́ jù sí i, kí wọ́n fi mọ̀ bóyá omi náà ń pani. Ọ̀pọ̀ kú. Èyí tó bá yè á gba gbogbo ilé, á wá máa lé ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ kiri. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló nilẹ̀, àbí?

Konrad Lorenz, ọmọ Austria, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1973, ti ṣàkíyèsí ìjà yìí. Nínú ìwé tó kọ ní 1963, ó ní àwọn ẹja àpáta iyùn aláwọ̀ títàn kì í bá àjèjì jà tó bí wọ́n ṣe ń bá irú tiwọn jà. Ìdí rẹ̀ ò ṣòro: irú tiwọn ló ń wá oúnjẹ kan náà àti ihò kan náà. Ṣebí aláṣọ ló ń du oníbàárà mọ́ aláṣọ lọ́wọ́, kì í ṣe aláta.

Ní 1977, Hans Fricke àti Simone Fricke tẹ ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Nature lórí àwọn ìbátan Nemo. Abo ló tóbi jù nínú wọn, òun sì ni olórí. Líle tó ń le ìyókù kò jẹ́ kí ẹlòmíràn di abo. Bó bá kú, akọ tó tẹ̀ lé e á yí padà di abo. Ti Dascyllus aruanus, ẹja kékeré onílà dúdú àti funfun, yàtọ̀ sí èyí: akọ ni olórí wọn, abo ló sì ń yí padà di akọ.

Ìgbà tí a ka èyí ni ojú wa là. Agbo ẹja kì í ṣe àpéjọ ọgbọọgba. Olórí wà, igbákejì wà, títí dórí ìkẹyìn. Nínú òkun, ìkẹyìn lè sá bọ́ sí ẹ̀ka iyùn mìíràn. Agbo sì pọ̀ débi pé ìbínú olórí á pín sára ọ̀pọ̀. Nínú àpótí, ibi yòówù kó sá sí, gíláàsì ni. Kò ní jẹun yó, á máa rù, àìsàn á sì mú un. Bó bá kú, ẹni tó wà lókè rẹ̀ ló di ìkẹyìn. Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí á fi ku ẹyọ kan. Olórí pàápàá ò sinmi, nítorí ojoojúmọ́ ló ń ṣọ́ ipò rẹ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Àṣìṣe tiwa rèé. Mẹ́ta la kọ́kọ́ rà, a wá ra mẹ́rin lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn mẹ́ta ti pín ilé tán kí àwọn mẹ́rin tó dé. Àpótí wa ò gbà ju lítà 120 lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ la ń fún wọn lóúnjẹ, lójú kan náà, níbi tí olórí ti ń dúró dè é.

Ẹni tó bá fẹ́ sin wọ́n lágbo, kó wá àpótí ńlá, kó to òkúta tó ní ihò àti ẹ̀ka púpọ̀ sí i, kó sì jẹ́ kí omi náà gbó kí ẹja tó wọ̀ ọ́. Kó kó gbogbo wọn wọlé lọ́jọ́ kan náà, nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Kó fún wọn lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, ní igun méjì. Bí ọ̀kan bá le jù, kó yọ ọ́ sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó bá fi máa padà, òun náà á ti di àlejò. Pẹ̀lú gbogbo èyí náà, ó lè má tọ́jọ́.

Àwọn ọmọ wa ṣì ń bẹ̀bẹ̀ pé ká ra òmíràn kún èyí tó ṣẹ́kù. A ní ó di ìgbà tí a bá ní àyè tó tó wọn. Ẹja tó ti Philippines wá kú sí pálọ̀ Trans-Amadi, ọ̀nà ibi tó ti wá jìn jù láti fi dánra wò. A sì ti fún àwọn ọmọ lésì ìbéèrè wọn: ẹja kọ́ ló pa ẹja. Ilé tí a fún wọn ló kéré jù.

Ẹ̀yin tó ń sin ẹja láàárín wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ojú tiyín rí.