Ọ̀dùnkún Òyìnbó àti Ìyàn Ilẹ̀ Áyáláńdì

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin ọ̀dùnkún òyìnbó sẹ́yìnkùlé, ìtàn yìí kàn yín.

Orí òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ọ̀dùnkún yìí ti ṣẹ̀. Àwọn ará Sípéènì ló gbé e dé Yúróòpù ní nǹkan bí ọdún 1570. Nígbà tó yá, òun ni ọ̀pọ̀ tálákà ilẹ̀ Áyáláńdì ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní Lumper ló gba oko wọn kan. Ọ̀dùnkún náà ni wọ́n ń gbìn bí èbù lọ́dọọdún, nítorí náà àrùn tó bá lè pa ọ̀kan yóò pa gbogbo rẹ̀.

Ní 1845, àrùn dé. Ewé dúdú, ọ̀dùnkún jẹrà nínú ilẹ̀. Kí ìyàn náà tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní nǹkan bí 1852, bíi mílíọ̀nù kan èèyàn ti kú, ọ̀pọ̀ sì ti sá kúrò nílùú.

Àrùn náà ṣì wà, kódà ní agbègbè Jọ́ọ̀sì. Ẹ gbin ju ẹ̀yà kan lọ. Ẹ yan èbù tí kò lábàwọ́n. Èyí tí ewé rẹ̀ bá ń dúdú lásìkò òjò, ẹ fà á tu, kí ẹ sun ún. Ẹ má dà á sórí ààtàn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.